Ọ̀tá Di Olólùfẹ́ ní Skọ́tlándì Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé ìtàn ìfẹ́ òyìnbó á ti rí wọn. Lára èèpo ìwé, géńdé ọkùnrin kan dúró lórí àpáta láìwọ ẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ otútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Obìnrin kan dì mọ́ ọn, ilé olódi kan sì wà lẹ́yìn wọn nínú kùrukùru. Lójú ìwé kejì, obìnrin náà ń búra pé òun á pa á. Nígbà tó bá fi máa di ojú ìwé igba, ó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ sójú ogun. Mo ti ka irú wọn débi pé mi ò mọ iye wọn mọ́. Àwọn kan gba oorun lójú mi, àwọn kan ni mo sọ sí ẹ̀yìn àga. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nípa wọn nìyí, pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ nípa Skọ́tlándì gidi tó wà lẹ́yìn ìtàn náà.

Kí ló dé tó fi máa ń jẹ́ Skọ́tlándì ṣáá?

Torí pé ọ̀tá ò wọ́n níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ò tóbi, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ni ìjà ti ń wọlé. Láti gúúsù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti orí òkun, àwọn ará Norway, torí abẹ́ ọba wọn ni àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn wà títí di 1266, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìjà Largs. Ẹ̀kẹta ni ti inú ilé, òun ló sì burú jù: ìdílé sí ìdílé, lórí ilẹ̀, lórí màlúù, lórí ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹni. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ohun tí òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ń wá gan-an nìyẹn. Ọ̀tá tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ayé ò wúlò fún un, ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Àmọ́ ọ̀tá tí ẹ jọ ń pọn omi nínú odò kan náà, tí ẹ mọ àwọ̀ ẹṣin rẹ̀, tí ẹ mọ ẹni tó pa nínú ẹbí yín, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìyẹn.

Ìgbà wo gan-an là ń sọ?

Sànmánì tí àwọn òpìtàn ń pè ní ti àárín gùn tó ẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ìwé wọ̀nyí máa ń pàgọ́ sí jù ni láti 1286 sí nǹkan bí 1330. Òru ọjọ́ kan ló fà á.

Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1286, Ọba Alexander Kẹta kúrò ní Edinburgh nínú ìjì. Wọ́n ní kó má lọ, ó lọ. Ìyàwó tuntun ló wà ní òdìkejì omi, ní Kinghorn: Yolande, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí wọn ò tíì fẹ́ra wọn pé ọdún kan. Nínú òkùnkùn, ọba pòórá mọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e lójú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá ní etí òkun. Gbogbo ọmọ tó bí ló ti kú ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, Margaret, ọmọdébìnrin tó wà ní Norway. Wọ́n ti ṣàdéhùn pé ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fẹ́ ẹ. Òun náà kú ní Orkney ní 1290, nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wálé. Ọkùnrin kan ń sáré lọ bá ìyàwó rẹ̀ nínú ìjì, ogun ọ̀pọ̀ ọdún sì tibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá kọ irú ìyẹn sínú ìwé, wọ́n á ní mo ń ṣe àṣejù.

Àwọn tó lé ní mẹ́wàá ló dìde pé àwọn ni oyè kàn. Wọ́n pe Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, kó wá bá wọn dá ẹjọ́. Ní 1292 ó mú John Balliol, ó sì ń pàṣẹ fún un bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tí Balliol kọ̀, Edward kógun dé ní 1296, ó gbé òkúta tí wọ́n ti ń jọba ní Scone lọ sí London. William Wallace ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Stirling ní 1297, wọ́n ṣẹ́gun Wallace ní Falkirk ní 1298, wọ́n sì pa á ní London ní 1305.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró síbẹ̀: Skọ́tlándì rere, Gẹ̀ẹ́sì burúkú. Wọ́n ń pàdánù ohun tó dùn jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1306, Robert Bruce àti John Comyn, ọmọ Skọ́tlándì méjì tí oyè tọ́ sí, pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Dumfries. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Bruce ló jáde láàyè. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tó fi dé adé. Láti ọjọ́ yẹn, ará Skọ́tlándì tó jẹ́ ẹbí Comyn lè kórìíra Bruce ju bí yóò ṣe kórìíra Gẹ̀ẹ́sì kankan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ bá Edward torí ẹ̀. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn Bruce àti ọmọbìnrin ẹbí Comyn: èdè kan, ilẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ láàárín. Mi ò mọ ìdí tí wọn ò fi ń kọ ọ́ tó.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́, àbí àròsọ lásán ni?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì dùn ju èyí tí wọ́n ń pa lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1406, wọ́n gbé ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ James sínú ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n lè fi pamọ́ sí Faransé. Ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ní àtìmọ́lé arákùnrin bàbá wọn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn àgbà pé òun ló kàn. Àwọn olè ojú omi gba ọkọ̀ náà nítòsí Flamborough, wọ́n fa ọmọ náà lé ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò pé oṣù kan tí bàbá rẹ̀ kú. Ọmọ tó wà látìmọ́lé ti di ọba, àmọ́ ọdún méjìdínlógún ló lò kó tó fojú kan ilé.

Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní orin, wọ́n tiẹ̀ mú un lọ sójú ogun ní Faransé. Ewì gígùn kan wà, The Kingis Quair, tí wọ́n gbà pé òun ló kọ ọ́. Nínú rẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n kan ń bojú wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí obìnrin kan tó ń rìn nínú ọgbà nísàlẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ya lọ sínú ọkàn. Èmi ò tíì rí òǹkọ̀wé òde òní tó sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tí gbogbo èèyàn gbà pé ó ń wí ni Joan Beaufort, ìbátan ọba Gẹ̀ẹ́sì tó tì í mọ́lé. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kejì ọdún 1424, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Southwark, létí odò Thames. Ká má tan ara wa, òṣèlú wà nínú ẹ̀. Owó ìràpadà James jẹ́ 60,000 máàkì, owó ayé ìgbà náà; wọ́n yọ 10,000 kúrò níbẹ̀, wọ́n pè é ní ohun tí ìyàwó mú wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rò pé àwọn ti fi ọmọ àwọn sínú ilé ọ̀tá, pé yóò máa bá àwọn ṣọ́ ọ.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Joan bí ọmọ mẹ́jọ fún un. Ní 1428, James ní kí àwọn ìjòyè Skọ́tlándì búra òótọ́ fún ayaba yìí, obìnrin tó ti ilé ọ̀tá wá. Ní oṣù Kejì ọdún 1437, àwọn ìjòyè tó dìtẹ̀ ya wọlé lóru ní Perth, níbi tí ọba àti ayaba sùn sí. James já pákó ilẹ̀, ó bọ́ sínú gọ́tà ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó lè gbà jáde, àmọ́ wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dí i ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì rẹ̀ máa ń yí wọ ibẹ̀. Wọ́n pa á sínú rẹ̀. Joan fara gbọgbẹ́, ó sá jáde, ó gba ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà mọ́ra títí tí wọ́n fi dé e ládé. Àwọn apànìyàn yẹn ò ríbi sá sí. Ikú tí wọ́n kú ò ṣeé sọ níwájú ọmọdé.

Ṣé gbogbo ìgbéyàwó ọ̀tá ló ń di ìfẹ́?

Rárá o. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Joan yìí, Joan mìíràn wà. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1328 ló sọ pé kí ọmọ Bruce, David, fẹ́ Joan, àbúrò Edward Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Berwick ní oṣù Keje ọdún náà. Ọkọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyàwó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Àwọn ará Skọ́tlándì sọ ọmọ náà ní Joan Onílàáfíà. Àlàáfíà ò pé ọdún márùn-ún tó fi fọ́. Ní 1346, ogun ẹ̀gbọ́n ìyàwó mú ọkọ ní Neville's Cross, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó padà dé ní 1357, àlè tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ lé e bọ̀. Joan kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì padà wá mọ́ títí tó fi kú ní 1362. Wọn ò bímọ.

Ẹ fi méjèèjì síra wọn. Èkíní, ọkùnrin náà wo obìnrin yìí láti ojú fèrèsé fúnra rẹ̀. Èkejì, àwọn àgbà ló wo ilẹ̀, wọ́n wá ọmọ méjì tó bá ìwọ̀n ilẹ̀ náà mu. Ìwé tó bá fẹ́ fi ìgbéyàwó àfipáṣe bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá fèrèsé kan fún àwọn méjèèjì.

Obìnrin inú àwọn ìwé yìí máa ń gbójú jù. Ṣé irú wọn wà nígbà náà?

Àwọn tó wà nígbà náà gbójú ju ti inú ìwé lọ. Isabella, ìyàwó ìjòyè Buchan, ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdílé MacDuff ti Fife ni wọ́n bí i sí, àwọn ló sì ní ẹ̀tọ́ àtayébáyé láti gbé ọba Skọ́tlándì ka orí ìtẹ́. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ Comyn, ìbátan tímọ́tímọ́ ẹni tí Bruce pa sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Arákùnrin rẹ̀ tó yẹ kó ṣe ètùtù oyè náà wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Isabella gun ẹṣin, ó fi ilé ọkọ sílẹ̀, ó lọ sí Scone, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀tá ọkọ rẹ̀ jọba ní oṣù Kẹta ọdún 1306.

Kò pé ọdún náà tí wọ́n fi mú un. Edward ní kí wọ́n fi igi àti irin kan àgò fún un ní ilé olódi Berwick, kí wọ́n tì í mọ́ inú rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan kọ ọ́ pé àlè Bruce ni. Kò sí ẹ̀rí kankan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ sí obìnrin tó bá ṣe ohun tí ọkùnrin ò lérò ni. Àmọ́ mo mọ̀ pé òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ò ní gbọ́, wọ́n á ti gbé e lọ.

Ẹ má gbàgbé Agnes Randolph, ìyàwó ìjòyè Dunbar, tí wọ́n ń pè ní Agnes Dúdú. Ní 1338, ọkọ rẹ̀ ò sí nílé, ogun Gẹ̀ẹ́sì yí ilé olódi náà ká. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wà níbẹ̀, wọn ò rí i wọ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ sọ òkò ńlá lu odi, á rán àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ obìnrin pé kí wọ́n fi gèlè nu eruku rẹ̀ kúrò, lójú àwọn ọmọ ogun.

Ṣé wọ́n lè fi tipátipá fẹ́ obìnrin, bí ó ṣe máa ń wà nínú ìtàn?

Wọ́n ń ṣe é, àmọ́ òfin ìjọ ò gbà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Láti nǹkan bí ọdún 1170 sí 1200, Ìjọ Kátólíìkì ti fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnu àwọn méjèèjì ló ń so ìgbéyàwó. Tí ọkùnrin bá sọ pé “mo fẹ́ ọ”, tí obìnrin náà sì dáhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n ti di tọkọtaya, àlùfáà ì báà má sí níbẹ̀. Ìpàdé ńlá tí ìjọ ṣe ní Róòmù ní 1215 ní kí wọ́n máa kéde rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú, ó sì bá ìgbéyàwó abẹ́lẹ̀ wí, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣe é, ó ti ṣe. Obìnrin gbọ́dọ̀ pé ọdún méjìlá, ọkùnrin mẹ́rìnlá. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló mú ẹnì kan sọ “bẹ́ẹ̀ ni”, ó lè lọ sí kóòtù ìjọ kí wọ́n tú u.

Ẹ wò ó bí èyí ṣe wúlò tó fún ìtàn ọ̀tá. Ọmọ ilé méjì tó ń bára wọn jà lè di tọkọtaya nínú àbà koríko, láìsí ẹlẹ́rìí, kí ogun ẹbí méjèèjì má sì lè tú u. Àmọ́ tí ọ̀kan bá sẹ́, ta ni yóò jẹ́rìí?

Ìjọ tún ní òfin pé ẹni tí ẹ bá jọ ní bàbá àgbà kan náà dé ìran kẹrin, ẹ ò gbọ́dọ̀ fẹ́ra yín. Àwọn ọlọ́lá Skọ́tlándì sì ti fẹ́ra wọn títí gbogbo wọn fi di ìbátan. Wọ́n ní láti kọ̀wé sí Póòpù kó yọ̀ǹda. Ìdí tí wọ́n sábà máa ń kọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ ni pé ìgbéyàwó náà yóò parí ìjà láàárín ìdílé méjì. Àwọn ọ̀tá, ẹ gbọ́, ń bẹ Póòpù pé kó jẹ́ káwọn fẹ́ra àwọn.

Owó orí ńkọ́?

Ẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣe é sí lójú tiwa. Bàbá ìyàwó ló ń san nǹkan fún ọkọ. *Tocher* ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, màlúù, owó fàdákà. Nígbà tí ọba Denmark ò rí *tocher* ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ James Kẹta san, ó fi Orkney àti Shetland dógò ní 1468 àti 1469. Wọn ò rà á padà títí di òní. Ní ti opó, òfin fún un ní ìdá mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ láti jẹ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé opó ọlọ́lá máa ń ní olùfẹ́ púpọ̀, títí kan ẹni tó pa ọkọ rẹ̀.

Ìgbéyàwó ọdún kan àti ọjọ́ kan: òótọ́ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ forí jì mí. Wọ́n á ní tọkọtaya máa ń di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á gbé pọ̀ fún ọdún kan àti ọjọ́ kan, tí kò bá wọ̀, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Dídi ọwọ́ mú yẹn wà, *handfasting* ni wọ́n ń pè é, àmọ́ àdéhùn ìfẹ́sọ́nà ni. Ìtàn ìdánwò ọdún kan tó yí i ká, láti ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé ẹ̀yìn 1700 ló ti gbilẹ̀. Ó dùn nínú ìwé, mi ò sọ pé kí ẹ má lò ó. Ẹ kàn má bá mi jiyàn pé ìtàn gidi ni.

Ẹ̀tọ́ tí olówó ilẹ̀ ní láti sùn ti ìyàwó tuntun lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó ńkọ́?

Irọ́ ni. Owó kan wà tí ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ olówó máa ń san fún olúwa rẹ̀ tí ọmọbìnrin rẹ̀ bá ń lọ sílé ọkọ. Òǹkọ̀wé ìtàn kan ní 1527 ló hun ìtàn ọba burúkú kan mọ́ ọn, fíìmù ọdún 1995 kan sì tún fẹ́ná mọ́ ọn. Fíìmù yẹn kan náà ló fi Wallace àti Isabella ará Faransé, tó padà di ayaba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe olólùfẹ́. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni Isabella nígbà tí wọ́n pa Wallace, kò sì tíì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Aṣọ tí ọkùnrin máa ń wọ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Kò tíì dé. Aṣọ ńlá tí wọ́n ń wé mọ́ra tí wọ́n sì ń fi bẹ́líìtì gbà ò hàn nínú àkọsílẹ̀ ṣáájú 1594, kékeré tí a mọ̀ lónìí sì jẹ́ ti ẹ̀yìn 1700. Ní 1310, ọkùnrin orí òkè máa ń wọ ẹ̀wù aṣọ ọ̀gbọ̀ gígùn, á sì da aṣọ ìbora irun àgùntàn bò ó. Ti pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ àti ilà aṣọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ nǹkan bí 1822 ni, nígbà tí Ọba George Kẹrin ṣèbẹ̀wò sí Edinburgh tí gbogbo ayé sì fẹ́ dá aṣọ ẹbí.

Kí ni wọ́n ń jẹ?

Àkàrà pẹlẹbẹ àti ògì gbígbóná tí wọ́n fi ọkà òótì ṣe, ọkà báálì, ewébẹ̀, wàrà, ẹja. Kò sí pòtétò, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní ti ọtí wísíkì, àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù ní Skọ́tlándì ni ti 1494, nígbà tí wọ́n fún ẹlẹ́sìn kan tó ń jẹ́ John Cor ní ọkà láti fi ṣe “omi ìyè” fún ọba. Tí ọkùnrin yín bá ń mu wísíkì lójú ogun Bannockburn ní 1314, ẹ gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ọtí ọkà.

Èdè wo ni wọ́n fi ń bú ara wọn?

Ìbéèrè gidi nìyí, torí wọ́n lè máà gbọ́ ara wọn rárá. Lórí òkè àti ní àwọn erékùṣù, Gaelic ni. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ní ìlú ọjà, èdè kan tó súnmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọlọ́lá ń sọ Faransé, àlùfáà ń kọ Látìn. Ọmọbìnrin ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀gágun orí òkè lè máà ní ju Faransé tó fọ́ láàárín ara wọn. Ẹ lò ó! Ìjà tí ẹni méjì ń bá ara wọn jà pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ péré máa ń dùn ju ìjà ẹlẹ́nu wẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ *Sassenach* tí àwọn òǹkàwé ti sọ di “olólùfẹ́ mi”, ọmọ ìran Saxon ló túmọ̀ sí, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Ṣé òfin ò kọ̀ ọ́ pé kí ọ̀tá fẹ́ ọ̀tá?

Ní ẹnubodè, ó kọ̀ ọ́. Ní 1249 ni àwọn ológun ẹlẹ́ṣin láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ́kọ́ jókòó kọ òfin ẹnubodè sílẹ̀. Nígbà tó yá, ní ìparí sànmánì tí a ń sọ àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ará òdìkejì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹnubodè ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ra wọn náà ni. Àwọn ìdílé bíi Graham àti Armstrong ní ẹbí níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá fẹ́ jí màlúù, àna ló ń ṣílẹ̀kùn.

Ṣé Mọremí kọ́ ni irú èyí?

Ó jọ ọ́ lójú, kì í ṣe òun. Mọremí wọ ilé ọ̀tá, ó di ìyàwó ọba wọn, àmọ́ iṣẹ́ ló bá lọ, ó sì jíṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ràn ọba yẹn díẹ̀, tó sì tún padà sí Ifẹ̀, à bá máa sọ ìtàn mìíràn.

Mo fẹ́ kọ tèmi. Ibo ni ìkórìíra ti ń yí padà?

Kì í ṣe níbi tí ọkùnrin ti gbà á lẹ́nu ìkookò, bẹ́ẹ̀ ìkookò wà níbẹ̀ nígbà náà o. Kì í sì í ṣe níbi tí obìnrin ti rí i tó ń wẹ̀ nínú odò. Ìyẹn ojú ló rí, ọkàn ò tíì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn gidi kan. Ní 1308, lẹ́yìn tí Bruce ṣẹ́gun ìjòyè Buchan, ó rán àrákùnrin rẹ̀ Edward lọ jó ilẹ̀ Buchan, oko, àbà, ẹran ọ̀sìn, gbogbo rẹ̀. Akéwì tó kọ ìtàn Bruce ní nǹkan bí 1375 sọ pé àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń sunkún rẹ̀. Ká ní ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí àbà bàbá rẹ̀ jóná, kí ọkùnrin tó sọ iná sí i sì jẹ́ ẹni tí ìtàn yóò so mọ́ ọn. Kí ni yóò sọ tí obìnrin yẹn yóò fi jókòó tì í?

Òǹkọ̀wé ọ̀lẹ á ní kì í ṣe òun ló sọ iná, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni kí ó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà bi í léèrè, kí ó sì dáhùn láìwo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ pé wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n òun, pé wọ́n ti ti obìnrin ilé òun mọ́ àgò, pé òun rò pé tí Buchan bá jóná, ogun á parí. Kí obìnrin náà má gbà á gbọ́. Kí ó sì wá rí i lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń tún òrùlé ilé ẹlòmíràn ṣe lóru, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ìfẹ́ lè wọlé láti ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú, torí òkú ẹran bàbá rẹ̀ ṣì wà níwájú.

Ẹlẹ́wọ̀n àti ẹni tó mú un, ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣọ́ra jù. Ẹlẹ́wọ̀n ọlọ́lá, owó ni. Wọ́n máa ń bọ́ ọ dáadáa kí ẹbí rẹ̀ lè rà á padà. Tálákà tí wọ́n mú ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Tí obìnrin inú ìtàn yín bá wà látìmọ́lé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà kí ó tó sọ pé òun fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Kí ẹṣin wà níta. Tó bá wá yí padà wọlé fúnra rẹ̀, èmi òǹkàwé á gbà.

Ṣé dandan ni kó parí sí ayọ̀?

Àwọn òǹkàwé ìtàn ìfẹ́ ò ní dárí jì yín tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ lè pẹ́ kó tó dé. Elizabeth de Burgh, ìyàwó Bruce, ọmọ ìjòyè Ulster ni. Ọ̀rẹ́ Edward Kìíní ni bàbá rẹ̀, ó sì máa ń jagun fún un. Wọ́n fẹ́ra ní 1302, nígbà tí Bruce ṣì wà lẹ́yìn Edward. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọkọ di ọ̀tá bàbá rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì mú òun fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi wà lọ́wọ́ wọn, láti ilé dé ilé. Lẹ́yìn tí Bruce ṣẹ́gun ní Bannockburn ní oṣù Kẹfà ọdún 1314, ó fi ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pààrọ̀, wọ́n sì dá ìyàwó rẹ̀ padà fún un. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí David, ọmọkùnrin tó jọba.

Elizabeth kú ní 1327, Bruce ní 1329. Ó ní kí wọ́n yọ ọkàn òun kí James Douglas gbé e lọ bá àwọn aláìgbàgbọ́ jà. Douglas kú sójú ogun ní Spéìn, wọ́n gbé ọkàn náà padà wá sin sí Melrose. Ara tó kù wà ní Dunfermline, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tí wọ́n sin ọmọ ọ̀tá yẹn sí.